Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọ́ ṣénjà yẹn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìyá Ìbejì ni mí, Mọ́dákẹ́kẹ́ ni mò ń gbé. Iṣẹ́ fídíò ni ọkọ mi tó ti di olóògbé ń ṣe: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìsìnkú, ọdún Ọlọ́jọ́. Ó ra ṣénjà kan, àpótí tó ń pààrọ̀ àwo fídíò fúnra rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ti Amẹ́ríkà dé. Ó ń gba 200 àwo DVD lẹ́ẹ̀kan, wáyà sì ni wọ́n fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti gbé kọ̀ǹpútà tuntun tó ní Windows 10 wá ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń rí dráìfù, ṣùgbọ́n tí a bá ní kó gbé àwo, kì í dá wa lóhùn. Ọmọ mi ń tẹ bọ́tìnì tó wà lára ṣénjà fúnra rẹ̀, a ṣì ń rọ́gbọ́n dá a báyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni iná lọ nígbà tó ń gbé àwo kan lọ́wọ́. Tí a bá tàn án báyìí, á dún krr-krr-krr, á sì dákẹ́. Oníṣẹ́ kan ní Sábó ní kí n jẹ́ kí òun fọ́ ọ, kí òun kó àwọn àwo jáde, kí n ta ìyókù fún àwọn onípàǹtí. Ṣé ó ṣe é tún ṣe?

Ìdáhùn:

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Mà. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá Ìbejì sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ Sábó yẹn pé kó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀ ná. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí ẹ̀rọ yín tún ṣiṣẹ́. Ká tilẹ̀ ní kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, kò sídìí tí a ó fi fọ́ nǹkan kan kí àwo tó jáde. Skúrù ni wọ́n fi dè é, skúrù náà la ó fi tú u.

Ohun tó rú wọn lójú ni pé àìsàn méjì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ẹyọ kan. Nínú àpótí ṣénjà, ẹ̀rọ méjì ló ń gbé pọ̀. Èkíní ni dráìfù tó ń ka àwo, irú èyí tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́. Èkejì ni apá tó ń yí agbọ̀n àwo, tó ń fa àwo kan jáde, tó ń gbé e fún dráìfù, tó sì ń dá a padà sí àyè rẹ̀. Ẹ wò ó bí ìyá aláṣọ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọjà: ìyá jókòó síwájú, ọmọ ló ń lọ gbé aṣọ wá láti orí pẹpẹ. Bí ara ọmọ ò bá yá, ìyẹn ò ní kí ìyá má mọ ọjà tà mọ́. Kọ̀ǹpútà gan-an mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Orúkọ méjì ló ń kọ sílẹ̀ fún wọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó mú súkúdíráfà, kó kọ́kọ́ béèrè pé: nínú àwọn méjèèjì, ta ni ara rẹ̀ ò yá?

Ní tiyín, nígbà tí Windows 10 dé, ara àwọn méjèèjì le. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín: ọmọ ń tẹ bọ́tìnì, àwo sì ń wọlé. Ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún apá náà láti inú kọ̀ǹpútà ni kò sí mọ́. Ayé Windows XP Media Center ni wọ́n ṣe irú ṣénjà yìí fún. Sony ṣe é, PowerFile náà ṣe tiwọn. Media Center ni ètò tó ń to orúkọ àwọn àwo sójú kọ̀ǹpútà, tó sì ń rán apá lọ gbé èyí tí èèyàn bá yàn. Ó wà nínú Vista, ó wà nínú Windows 7. Nígbà tí Windows 10 jáde ní 2015, Microsoft yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ọmọ yín ò ba nǹkan kan jẹ́, ẹ má bá a wí.

Ọ̀rọ̀ wáyà náà wà níbẹ̀. Èyí tó so ṣénjà mọ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣe USB. FireWire ni, òun náà ni Sony ń pè ní i.LINK. Láti Windows 8 ni Microsoft ti yọ dráífà FireWire àtijọ́ (dráífà ni ètò tí Windows fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kì í ṣe dráìfù tó ń ka àwo), èyí tí wọ́n ń pè ní “legacy”, kúrò nínú Windows, bẹ́ẹ̀ àwọn ohun èlò àtijọ́ kan ò gbádùn èyí tó rọ́pò rẹ̀. Ẹ óò rí i kí ó hàn lónìí, kó pòórá lọ́la. Microsoft padà gbé dráífà àtijọ́ náà síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e wọlé fúnra rẹ̀. Lórí Windows 7, ó ti wà nínú rẹ̀; inú Device Manager, ibi tí Windows ti ń to àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, lèèyàn ti máa yàn án, orúkọ rẹ̀ á sì ní “(Legacy)” lẹ́yìn.

Ọ̀nà méjì ló wà. Tí kọ̀ǹpútà Bàbá Ìbejì àtijọ́ bá ṣì wà níbì kan tí eruku bò, ẹ lọ gbé e jáde. Ẹ má so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, torí kò sẹ́ni tó ń dáàbò bo Windows 7 mọ́, ẹ kàn fi ṣe iṣẹ́ yìí nìkan. Ọ̀nà kejì ni èmi fúnra mi fẹ́ràn jù: Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows. Ọmọ yín lè fi Ubuntu, irú Linux kan, sórí flash, kó tan kọ̀ǹpútà láti orí flash náà, kó má fọwọ́ kan Windows tó wà nínú rẹ̀ rárá. Kó gbé ètò méjì wọlé: lsscsi, tó ń to àwọn ẹ̀rọ tó wà lára kọ̀ǹpútà, àti mtx, tó ń pàṣẹ fún apá. Tó bá tẹ “lsscsi -g”, ìlà méjì ló yẹ kó rí tó jẹ́ ti ṣénjà: ọ̀kan á ní “cd/dvd”, ìyẹn dráìfù, èkejì á ní “mediumx”, ìyẹn apá. Ní ìparí ìlà kejì yẹn, yóò rí orúkọ bíi /dev/sg3. Orúkọ náà ni kó mú, kó wá tẹ “mtx -f /dev/sg3 status”. Gbogbo ihò àwo á tò kalẹ̀ pẹ̀lú nọ́mbà wọn, èyí tó ní àwo àti èyí tó ṣófo. Tó bá fi “load 7 0” rọ́pò “status” nínú àṣẹ yẹn, á gbé àwo ihò keje lọ fún dráìfù, “unload 7 0” á sì dá a padà. Ètò tí wọ́n kọ fún àwọn ẹ̀rọ téèpù ńláńlá ni mtx, àmọ́ àṣẹ kan náà ni ṣénjà yín ń gbọ́. Àwọn tó ń tọ́jú FireWire nínú Linux sì ti ní àwọn ò ní fi í sílẹ̀ títí di 2029, àyè ṣì wà fún yín.

Bí “mediumx” ò bá hàn rárá, tó jẹ́ “cd/dvd” nìkan ló hàn, ẹ ti rí aláìsàn nìyẹn. Bí ìkankan ò bá hàn, ẹ yẹ wáyà wò, àti ibi tó wọ̀ sí.

Ẹ ṣọ́ra níbi wáyà yìí. Wọ́n ń ta wáyà kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ FireWire, tí ìkejì jẹ́ USB. Ẹ má rà á. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn, kò sì sí bí wáyà lásán ṣe lè ṣe ògbufọ̀. Tí kọ̀ǹpútà tuntun yín ò bá ní ojú FireWire, káàdì ni ẹ máa rà kí wọ́n kì í bọ inú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá ti ń rí dráìfù, á jẹ́ pé ó ti ní in. Wáyà náà kò gbọdọ̀ gùn ju mítà mẹ́rin àbọ̀ lọ. Èyí tó tóbi nínú ẹnu FireWire, onípìnnì 6, ní ìhà kan tó rí ṣóńṣó. Iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fi agbára tì í wọlé lódì, ojú FireWire méjèèjì ló lè jó, ti ṣénjà àti ti kọ̀ǹpútà. Tí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ yí i padà.

Ó ku krr-krr.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ṣénjà náà, níbi tí wáyà iná ti wọlé. Wọ́n á kọ iye fóltì síbẹ̀. Tí ẹ bá rí “100–240V”, ẹ dúpẹ́, ibi gbogbo ni ìyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ “120V 60Hz” nìkan, ti Amẹ́ríkà ni, iná tiwa sì jẹ́ 230V, 50Hz. Ẹni tó bá kì í bọ ògiri lásán, fíúsì rẹ̀ ló máa jó, tàbí kí kapásítọ̀ bú gbàmù. Àwọn tòkunbọ̀ tí irú èyí pa tí wọ́n gbé wá bá mi, wọ́n ju èyí tí ogbó pa lọ. Tiyín ṣì ń dún, nítorí náà kò tíì jó. Á jẹ́ pé Bàbá Ìbejì ní tíráńsífọ́mà, àpótí kékeré tó wúwo bí òkúta, tó ń sọ 230 di 110. Ẹ wá a, ẹ rí i pé òun ni wọ́n ṣì ń lò.

Nítorí tíráńsífọ́mà yẹn kì í ṣẹ̀dá iná. Ìdajì ohun tó bá wọlé ló ń fúnni. Nígbà tí iná bá rẹlẹ̀ lálẹ́, tí gílóòbù ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó lè jẹ́ 170V ló wà lára ògiri. Nǹkan bíi 80 ló máa kù fún ẹ̀rọ tó ń retí 120. Ìmọ́lẹ̀ iwájú rẹ̀ á tàn, kọ̀ǹpútà á rí i, ṣùgbọ́n mótò tó yẹ kó yí agbọ̀n ò ní lágbára. Á gbìyànjú, á dún, á sì dákẹ́. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ dán an wò ní ọ̀sán tí iná bá dúró dáadáa, tàbí lórí ínfátà, tàbí lẹ́yìn stabilizer tó jẹ́ ojúlówó. Bó bá dìde, owó ara yín lẹ ti fi pamọ́ yẹn.

Bí krr-krr bá ṣì wà lórí iná tó dára, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá, kí ẹ jẹ́ kó sinmi fún bí ìdajì wákàtí. Iná máa ń kù nínú kapásítọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má dà á sí ẹ̀gbẹ́. 200 àwo ló dúró ṣánṣán nínú agbọ̀n náà. Tí wọ́n bá yí dànù, ẹni tó máa tò wọ́n padà á mọ̀ ọ́n lára. Kí ọmọ yín tú ìbòrí òkè, kó máa fi fóònù ya fọ́tò bó ṣe ń tú u, kó sì kó skúrù sínú abọ́.

Ohun tí ẹ máa rí ni agbọ̀n róbótó, àwọn àwo tò yí i ká bí eyín, àyè dráìfù sì wà ní ìhà kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí iná lọ ṣì há sáàárín, ìdajì rẹ̀ nínú agbọ̀n, ìdajì lẹ́nu dráìfù. Agbọ̀n ò lè yí bẹ́ẹ̀, torí àwo yẹn dábùú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe ni kó wá ilé, kó yí agbọ̀n títí sẹ́ńsọ̀ fi máa rí àmì ibi tí ihò kìíní wà. Tí kò bá rí i láàárín ìwọ̀nba àkókò, ó máa ń pa ara rẹ̀. Krr-krr-krr, ó dákẹ́: ẹ ti kọ àlàyé rẹ̀ sínú ìbéèrè yín láìmọ̀.

Ọmọ yín kò gbọdọ̀ fi agbára fa àwo yẹn jáde. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti máa ń ṣẹ́ ẹ̀rọ tó ṣe é tún ṣe. Kó wá gíà tàbí kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì rọ̀ mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ apá, kó fi ìka yí i díẹ̀díẹ̀, kó sì máa wo àwo náà: ṣé ó ń lọ síwájú ni àbí ó ń padà? Kó yí i títí àwo fi padà sínú ihò rẹ̀ tàbí tó fi wọ inú dráìfù pátá. Kó wá fi ọwọ́ yí agbọ̀n. Tó bá yí láìlẹ̀ mọ́ nǹkan kan, ó lè jẹ́ gbogbo ẹjọ́ náà ti parí nìyẹn.

Tí kò bá parí, ẹ tan án pẹ̀lú ìbòrí ní ṣíṣí, kí gbogbo yín jìnnà, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó. Bí mótò bá ń yí tí apá tàbí agbọ̀n ò yí, bẹ́líìtì ni. Bí ohunkóhun ò bá yí, tó ń ta kì-kì-kì lójú kan, eyín gíà ti ṣẹ́ tàbí nǹkan dí i lọ́nà. Bí agbọ̀n bá ń yí dáadáa, tó ń yí lọ yí bọ̀, tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró, sẹ́ńsọ̀ ni kò ríran.

Sẹ́ńsọ̀ tí mò ń sọ, ìmọ́lẹ̀ kékeré tí ojú ò lè rí ló ń tàn ní ìhà kan, ojú kékeré kan sì ń wò ó ní ìhà kejì. Àmì tó wà lára agbọ̀n máa ń gba àárín wọn kọjá. Eruku lè bò ó, eruku ọyẹ́ tiwa yìí pàápàá, pẹ̀lú àwọn ọ̀nà Mọ́dákẹ́kẹ́ tí kò tíì rí ọ̀dà. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti atẹ́gùn díẹ̀ ti tó fún un. Mo ti bá ọmọńlé gbígbẹ nínú ẹ̀rọ rí, ó kú sórí sẹ́ńsọ̀ gan-an, tí wọ́n ti ra bọ́ọ̀dù tuntun fún ẹ̀rọ náà láti òkèèrè. Ẹ kíyè sí nǹkan kan: tí ìbòrí bá wà ní ṣíṣí, tí oòrùn tàbí gílóòbù tó mọ́lẹ̀ gan-an bá tàn sínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yẹn lè tan sẹ́ńsọ̀ jẹ. Ẹ̀rọ á máa ṣe ségesège, ẹ óò rò pé ẹ ti bà á jẹ́. Inú yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀ ni kí ẹ ti dán an wò.

Bẹ́líìtì ló wọ́pọ̀ jù. Rọ́bà ni, ooru àti ọdún ti sọ ọ́ di dídán bí irun tí wọ́n fi epo pa. Kò lè di kẹ̀kẹ́ mú mọ́. Ẹ lè fi sípírítì nu ún àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á sì ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan máa ń bọ ọ́ nínú omi gbígbóná kó lè sún kì. Ó máa ń gbéṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tó tó kí ẹ fi kó àwọn àwo jáde. Bẹ́líìtì tuntun ni ojútùú. Kí ọmọ yín mú òwú, kó fi wọn àyíká àwọn kẹ̀kẹ́ méjèèjì bí bẹ́líìtì ṣe máa lọ, kó ra èyí tó kúrú ju òwú náà díẹ̀, kó lè fà le. Àwọn tó ń tún rédíò onítéèpù ṣe máa ń ní oríṣiríṣi rẹ̀ nínú ike.

Gíìsì tó wà lára gíà náà ti gbẹ di bí ìda. Ẹ nù ún kúrò, kí ẹ fi gíìsì funfun tí kò ń ba ike jẹ́ sí i, ìwọ̀nba. Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ òróró, kò gbọdọ̀ jẹ́ epo mótò, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ àdí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti bá àdí níbẹ̀ rí, eèrà ló júwe ọ̀nà fún mi.

Nígbà tí apá bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ wá wo dráìfù. Ó ṣeé ṣe kó ti rẹ̀ ẹ́, torí òun ló ń ṣe gbogbo kíkà. Ọ̀nà tí mo ń gbà mọ̀ rọrùn: ẹ fún un ní CD orin kan, kí ẹ tún fún un ní DVD kan. Láísà méjì ló wà lẹ́yìn lẹ́ńsì ẹyọ kan, ọ̀kan fún DVD, èkejì fún CD. Tó bá ka CD, tí kò ka DVD, láísà kan ti ń kú, fífọ lẹ́ńsì ò ní jí i. Tó bá ń kọsẹ̀ lórí méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eruku ni. Ẹ fẹ́ eruku náà kúrò, kí ẹ fi òwú ẹnu igi tí ẹ ti kán isopropyl (sípírítì tí kò ní aró) díẹ̀ sí nù ún yípo láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ má lo lọ́fíńdà, ẹ má sì lo sípírítì aláró tí wọ́n ń ta nínú ìgò: ike ni lẹ́ńsì, ó lè ṣú. Iná gbọdọ̀ ti kúrò kí ẹ tó ṣe èyí. Láísà tó bá tàn sínú ojú èèyàn ń ba ojú jẹ́.

Bí láísà bá ti kú, inú mi máa ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ, torí nínú ọ̀pọ̀ ṣénjà, dráìfù inú rẹ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ń lò nínú kọ̀ǹpútà. A lè wá irú kan náà láti inú òkú kọ̀ǹpútà, kí a fi rọ́pò. Ó gbọdọ̀ jẹ́ irú kan náà gẹ́lẹ́ o. Bọ́ọ̀dù ṣénjà lè kọ̀ láti bá àlejò sọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí, àwọn àwo. Tí ẹ bá bi mí léèrè, àwọn gan-an ni mo fi ń kọ gbogbo èyí. Ṣénjà lè kú, kò sí ohun tó ṣe. Àwo Ọlọ́jọ́ láti ayé Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé, tó wàjà ní 2015, níbi tí Kábíyèsí ti dé Adé Arẹ̀, ẹ ò lè tún un yà. Àwọn àwo tí Bàbá Ìbejì kọ fúnra wọn kò rí bí èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀. Aró ni láísà jó sínú rẹ̀, aró sì ń ṣá nínú ooru. Nítorí náà, bí apá bá ti dìde, ẹ má fi ṣe fàájì. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí hard disk kí ó tó tún wó lulẹ̀.

Àwo onípele kan gba 4.7 GB. Tí 200 bá kún dẹ́múdẹ́mú, 940 GB ni. Hard disk 1 TB á gbà á, àmọ́ àyè tó máa kù ò ní tó nǹkan. Ẹ ra 2 TB, nítorí àwọn onípele méjì máa ń tó 8.5 GB, kí ẹ sì wá hard disk mìíràn tí ẹ máa kó ẹ̀dà kejì sí, sílé ẹbí tó wà ní ìlú mìíràn. Ní ìṣáájú, ẹ kó àwọn tí ẹ ò lè rí níbòmíràn: Ọlọ́jọ́, òkú àwọn bàbá àgbà, ìgbéyàwó àwọn tó ti kúrò nílùú. Sinimá tó wà níbẹ̀ lè dúró. Àwọn sinimá tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ lè kọ̀ láti ṣí lórí dráìfù mìíràn, torí wọ́n pín ayé sí ẹkùn-ẹkùn fún DVD sinimá: ẹkùn 1 ni tiwọn, ẹkùn 5 ni Nàìjíríà. Àwo tí èèyàn kọ fúnra rẹ̀ ò ní irú ìṣòro yẹn.

Ọmọ yín lè kọ àṣẹ kékeré kan tí yóò máa fi mtx gbé ihò kìíní, kó kó o, kó dá a padà, kó gbé ìkejì, títí di 200. Kó lo ddrescue fún kíkó náà. Ó máa ń kó ibi tó dára kọ́kọ́, á wá padà sórí ibi tó bàjẹ́ lẹ́yìn. Àwọn ètò mìíràn máa ń tẹra mọ́ ojú kan títí láísà fi máa rẹ̀. Kó ṣe é nígbà tí ínfátà bá wà. Ẹ ti rí ohun tí iná ń ṣe tó bá lọ nígbà tí àwo wà lẹ́nu.

Kí àwo kankan tó padà sínú agbọ̀n, ẹ yẹ ojú wọn wò. Mo mọ àṣà àwa onífídíò Ifẹ̀: a máa ń tẹ fọ́tò ìyàwó sórí bébà alálẹ̀mọ́, a ó lẹ̀ ẹ́ sójú àwo. Bébà yẹn, tí ooru bá mú un, etí rẹ̀ á ká sókè, á sì fi há sínú ihò. Kì í yà mí lẹ́nu mọ́ tí mo bá ti rí i nínú ṣénjà tó há. Irú àwo bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi kó o, lórí dráìfù lásán. Bákan náà ni àwọn àwo kékeré tí kámẹ́rà kan ń lò, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 8 cm. Ẹ má fi wọ́n sínú ṣénjà láé, àwo 12 cm nìkan ni apá rẹ̀ mọ̀. Tí dráìfù bá sọ pé àwo kan ṣófo, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé wọ́n kọ nǹkan sí i, ẹ má jù ú nù. Ó lè jẹ́ wọn ò parí rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó kọ ọ́, ẹ̀rọ yẹn nìkan ló máa kà á tàbí kó parí rẹ̀. Ẹ wá a nínú ẹrù Bàbá Ìbejì.

Iye tí mo máa ná sórí rẹ̀ tó bá jẹ́ tèmi? Bẹ́líìtì, gíìsì, isopropyl, ọjọ́ kan, àti wáyà FireWire tuntun bí èyí tó wà lọ́wọ́ bá ti bàjẹ́. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ bọ́ọ̀dù tuntun láti Amẹ́ríkà fún yín, ẹ dá wọn dúró. Owó yẹn á ra dráìfù USB méjì tàbí mẹ́ta, ẹ sì lè jókòó pẹ̀lú ọmọ yín, kí ẹ máa kó àwo náà lọ́kọ̀ọ̀kan lálẹ́, bó tilẹ̀ pẹ́. Mi ò gbà pé kí ṣénjà padà di ohun tí ẹ ń wo fídíò lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ ni èyí, ẹ jẹ́ kó ṣe é tán dáadáa.

Tí ọmọ yín bá wò ó tí kò yé e, ẹ gbé e wá bá mi ní Lágéré. Ẹ má gbé e lórí ọ̀kadà. Inú mọ́tò ni, kó jókòó bó ṣe ń jókòó nílé, kí ẹ sì kó àwọn àwo tó bá ṣe é kó jáde sínú páálí kí ẹ tó gbéra, ní títò bí nọ́mbà ihò wọn ṣe tẹ̀léra. Ẹ mú tíráńsífọ́mà yẹn dání, àti wáyà FireWire rẹ̀, àti rìmóòtù tó bá ṣì wà.